Kọ́kọ́rọ́ Tí Kò Léyín

Ojúlé Kejìdínlógún,
Òdòjọmù,
Oǹdó.
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Òkúdù.

Fẹ̀yìntọlá, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìjókòó, nítorí ìyá rẹ ní ìjókòó ni gbogbo iṣẹ́ tí ò ń ṣe, mo sì ti kà á nínú ìwé ìròyìn pé àpọ̀jù ìjókòó a máa ba kíndìnrín jẹ́, tàbí ẹ̀dọ̀ ni wọ́n pè é, n kò rántí mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni, nítorí náà jọ̀wọ́ máa dìde rìn káàkiri yàrá. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ilé láì lo àgádágodo yóò ṣọ́ ọ ní Ọ̀bà-Ilé tí o wà níbẹ̀ yẹn. Ọwọ́ burúkú kò ní kan ilẹ̀kùn rẹ, ẹsẹ̀ burúkú kò ní mọ ojú ọ̀nà ilé rẹ. Àmín. Àwa náà wà dáadáa níbí, àfi ẹsẹ̀ mi òsì, àfi àyà mi tó ń já, àfi òrùlé ẹ̀yìnkùlé tó ń jò, àti ewúrẹ́ ìyá rẹ tó bí méjì tí ọ̀kan nínú wọn kò fẹ́ mu ọmú.

Má bínú pé mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ìwọ lo sọ fún wa nígbà Àjíǹde pé àwọn kan lè máa gbọ́ ohun tí a bá ń sọ lórí fóònù. Láti ọjọ́ náà n kò tíì sọ nǹkan gidi kan lórí fóònù mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí, ojú ọjọ́ ni mo máa ń sọ. Àbúrò mi pè láti Odà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní báwo ni ara, mo ní òjò rọ̀ níbí, ó ní ẹsẹ̀ yín ńkọ́, mo ní ó ṣú dẹ̀dẹ̀ lápá ìlà-oòrùn, ni ó bá bínú pa fóònù, ó sì ti sọ fún gbogbo ẹbí pé orí mi ti ń dàrú. Má dá wọn lóhùn bí wọ́n bá bi ọ́.

Rufus ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀, Rufus awakọ̀ tó ń kó àwọn olùkọ́ láti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́ láràárọ̀, tí a jọ ń jókòó lórí àga kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi ìda àbẹ́là lẹ ẹnu àpò ìwé náà, mo sì fi bọ́tìnnì ẹ̀wù mi tẹ̀ ẹ́ lórí kí ìda tó gbẹ. Bí o kò bá rí ojú ihò mẹ́rin lára ìda náà, má ka lẹ́tà yìí rárá, nítorí kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ tí mo fẹ́ sọ, ohun ńlá kan sì ṣẹlẹ̀ níbí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n kí n tó dé orí rẹ̀, mo fẹ́ kí o mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ ti yé mi báyìí. Nígbà tí o sọ fún wa ní ọdún méjì sẹ́yìn pé o ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ láti máa tọ́jú Odi, ìyá rẹ sunkún títí, ó rò pé àwọn odi tí kò lè sọ̀rọ̀ ni, pé o ti kó wọn jọ sínú ilé kan ní Ọ̀bà-Ilé o sì ń fún wọn lóúnjẹ. Èmi ni mo ní rárá o, odi ìlú ni, irú èyí tí àwọn bàbá wa fi amọ̀ mọ yí ìlú ká nígbà ogun, pé o ti di bíríkìlà. Ìgbà tí o wálé lo tó ṣàlàyé pé kì í ṣe ènìyàn, kì í ṣe amọ̀, inú kọ̀ǹpútà ló wà, òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa ṣiṣẹ́, pé irú rẹ̀ kan wà káàkiri ayé tí wọ́n ń pè ní Línúsì, pé ẹ̀yin mú ọ̀kan nínú rẹ̀, ẹ ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa, ẹ fi irin dí gbogbo ojú ihò rẹ̀, kí ẹni tó ní àṣírí lè máa lò ó pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, àwọn oníròyìn, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ìwé aláìsàn, àwọn obìnrin tí ọkọ wọn ń yẹ fóònù wọn wò. Ìyá rẹ wá ní bẹ́ẹ̀ òun kò ṣìnà, odi náà ni lóòótọ́, nítorí odi a máa rí gbogbo nǹkan, kò sì lè rò ó fún ẹnikẹ́ni. Ó ti ń fi ìyẹn fọ́nnu láti ìgbà náà.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni ọ̀rọ̀ yúsà. O sọ fún mi lórí fóònù, kí n tó dáwọ́ ọ̀rọ̀ gidi dúró, pé o ní yúsà ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, pé wọ́n ń pọ̀ sí i, pé àwọn míì wà ní Bùràsíìlì. Fẹ̀yìntọlá, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi fún ọjọ́ méjì. Ẹni tí a ń pè ní yúsà ní àdúgbò wa níbí, ẹni tó ń fa igbó ni, abẹ́ igi máńgòrò ló máa ń jókòó láti àárọ̀, ojú rẹ̀ á pọ́n bí ata, kò ní mọ ìyá rẹ̀ mọ́. Mo lọ bá àlùfáà ìjọ wa, mo wólẹ̀, mo ní mo ní ọmọ kan tó ń fún ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ní ohun tí wọ́n ń lò. Àlùfáà gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí rẹ. Nígbà tí o wá ṣàlàyé pé yúsà ni ẹni tó ń lo Odi, ojú tì mí láti padà lọ bá wọn. Nítorí náà, bí o bá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n di ọwọ́ rẹ mú pẹ́, tí wọ́n sì ń sọ pé inú ọ̀run dùn sí ẹlẹ́ṣẹ̀ kan tó ronú pìwà dà, jọ̀wọ́ sáà ṣe àmín.

Kánẹ̀ẹ̀lì ni èyí tó kọ́kọ́ yé mi nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé a kọ́ ọ ní ilé ìwé gíga pé òun ni àwọn Òyìnbó ń pe èkùrọ́. O ní Línúsì ní kánẹ̀ẹ̀lì kan láàárín gbùngbùn, tí gbogbo ìyókù rọ̀ mọ́, tí ẹ̀yin sì fi nǹkan líle bò kí kòkòrò má baà wọ̀ ọ́. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Ọlọ́run ṣe dá ẹyìn. Ìyá rẹ ti ń kó èkùrọ́ jọ fún ọ láti ọjọ́ náà, àpò kan ààbọ̀ ti wà nílẹ̀, Rufus ní ọkọ̀ olùkọ́ ni òun ń wà, kì í ṣe ọkọ̀ ẹrù, pé kí o wá gbé e fúnra rẹ.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àwọn yúsà yẹn pàápàá, tí o ní wọ́n ń kóra jọ sórí kọ̀ǹpútà láti máa béèrè ìbéèrè, tí àwọn míì sì ń bú ọ pé o kò tètè tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, ó dùn mí. Wọn kò san kọ́bọ̀, ọ̀fẹ́ lo fún wọn, wọ́n tún ń bú ọ. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ oníkòkó, mo sì lè sọ fún ọ pé àwọn tí kì í wá síbi iṣẹ́ ẹgbẹ́ ló máa ń pariwo jù ní ìpàdé. Òfin wa ni pé ẹni tó bá bú olóyè, kíréètì mínírà kan. Ka òfin náà sí wọn létí. Ẹni tó wà ní Bùràsíìlì, kí ó fi tirẹ̀ ránṣẹ́.

Ó yá, mo ti dé ibi ọ̀rọ̀. Jọ̀wọ́ jókòó, àbí o ti jókòó tẹ́lẹ̀.

O rántí ọjọ́ tí o ń padà sí Àkúrẹ́ lẹ́yìn Àjíǹde, o pè mí wọ yàrá, o ti ilẹ̀kùn, o fi nǹkan kan tí kò ju ìka ọmọńdinrín mi lọ lé mi lọ́wọ́ nínú ọ̀rá. O ní fláàṣì ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ Odi ló wà nínú rẹ̀. O ní gbogbo ìgbà tí o bá tún Odi ṣe, kọ́kọ́rọ́ yẹn lo fi ń sàmì sí i, kí àwọn yúsà lè mọ̀ pé láti ọwọ́ rẹ ló ti wá. O ní ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ rẹ, èyí tí o fún mi ni èkejì, bóyá iná jó tìrẹ tàbí olè gbé e. O sì ní bí ẹni ibi bá rí i gbà, yóò ṣe Odi ayédèrú, yóò fi àmì rẹ sí i, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn yóò gbà á wọlé tayọ̀tayọ̀, yóò sì máa ka gbogbo àṣírí wọn. Mo ní kí ló dé tó jẹ́ èmi. O ní nítorí pé èmi nìkan lo mọ̀ láyé tó máa ń ti ilẹ̀kùn kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Fẹ̀yìntọlá, láti kékeré ni wọ́n ti ń fi ìbẹ̀rù bú mi. Ìyá mi bú mi, àwọn ọ̀gá mi bú mi, ìyá rẹ kò tíì dákẹ́ títí di òní. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó rí i tó sì fún un níṣẹ́ ṣe.

Nígbà tí o lọ tán, mo yẹ kọ́kọ́rọ́ náà wò. Kò léyín. Mo kì í bọ àgádágodo ilé ìdáná, kò wọlé. Mo kì í bọ ti géètì, kò wọlé. Ìyá rẹ ní ṣé mo fẹ́ ba ohun olóhun jẹ́ ni, mo bá jáwọ́. Ìwé pélébé kan wà nínú ọ̀rá náà. Òyìnbó lo fi kọ ọ́, mo gba kírẹ́díìtì nínú èdè Òyìnbó, nítorí náà ó yé mi yékéyéké: kí n yẹ ìtẹ̀ka wò kí n tó fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Lábẹ́ rẹ̀ o to lẹ́tà àti nọ́ńbà bí ogójì, tí mo rò pé nọ́ńbà ọkọ̀ ni, ọkọ̀ bíi márùn-ún. Mo rán Rufus kó bi ọ́, o ní kó sọ fún mi pé ìyẹn ni ìtẹ̀ka kọ́kọ́rọ́ náà. Mo ní ó dára, ṣùgbọ́n lọ́kàn mi mo ní ó ti rẹ ọmọ yìí, nítorí kọ́kọ́rọ́ tí kò tilẹ̀ léyín, níbo ni yóò ti rí ìka? Ìtẹ̀ka tí mo mọ̀ ni èyí tí àwọn àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé máa ń tẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́. Mo lọ wá páàdì íńkì ẹgbẹ́ jáde, ó ti gbẹ, mo ra ìgò íńkì tuntun aláwọ̀ àlùkò, mo bu ú sí i, mo sì ń dúró.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ọkùnrin kan kan géètì. Kàfùtáànì funfun báláú ló wọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ìyá rẹ sì ti yọjú lójú fèrèsé, ó ti rò pé ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọ ni, kí n tó dáhùn ó ti ń bẹ iṣu. Ọkùnrin náà ní Babájídé ni orúkọ òun, pé òun ń gbé ní Arákálẹ̀ ní Àkúrẹ́, pé ẹ̀yin méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ Odi. Mo ní kí ó tún orúkọ náà sọ, kí n lè mọ̀ bóyá yóò yí i. Kò yí i. Ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì ló ń dùn mí. Ó mọ̀ pé mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́. Ó ní gbogbo yúsà ló mọ̀ mí, pé o ti kọ ọ́ síbi tí wọ́n ti ń pàdé pé bàbá rẹ ní Oǹdó ló mọ ilẹ̀kùn tì jù láyé. Inú mi dùn, kí n má purọ́ tan ara mi, mo ṣí géètì.

Bó ṣe jókòó ni ó fa ojú ro. Ó ní kí a má bẹ̀rù, o sì mọ̀ pé bí wọ́n bá ti sọ fún mi pé kí n má bẹ̀rù, ó ti parí. Ó ní o ti ṣubú lulẹ̀ láàárọ̀, pé o wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, pé kọ̀ǹpútà rẹ ti jóná, pé ẹ̀mí àwọn yúsà wà nínú ewu, pé ìwọ fúnra rẹ lo ní kí òun wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá kí aago mẹ́rin tó lù. Mo pè ọ́, fóònù rẹ kò lọ. Mo gbàgbé pátápátá pé o máa ń pa á ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí o lè ráyè ṣiṣẹ́. Ìyá rẹ ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó figbe ta, ó ní Bàbá Fẹ̀yí, ẹ fún un, ẹ gbé e fún un, ṣé orí kọ́kọ́rọ́ ni ọmọ mi máa kú sí?

Mo wọ yàrá. Mo mú un jáde níbi tó wà. Mo dì í mú lọ́wọ́ báyìí, mo sì ti yíjú láti jáde, ni ìwé pélébé rẹ bọ́ sílẹ̀ láti inú ọ̀rá. Mo bẹ̀rẹ̀ mú un. Ọwọ́ rẹ ni, bí o ṣe ń kọ lẹ́tà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọ. Mo sọ fún ara mi pé ohun tí ọmọ mi kọ nígbà tí ara rẹ̀ dá ni mo máa tẹ̀lé, kì í ṣe ohun tí wọ́n ní ó sọ nígbà tó ń ṣàìsàn. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, mo gbé páàdì íńkì àti ìwé ẹgbẹ́, mo jáde.

Mo fa ilà sí ojú ewé tuntun, mo pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, mo ní kí ó tẹ̀ka, gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kò pọn dandan kó bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Bàbá, kì í ṣe irú ìtẹ̀ka yẹn, àwọn lẹ́tà orí ìwé yẹn ni ìtẹ̀ka, pé kí n mú ìwé náà wá kí òun kà á fún mi, òun á ṣàlàyé. Mo ní tẹ̀ka ná, lẹ́yìn náà kí o ṣàlàyé. Ó ní egbò wà lọ́wọ́ òun. Mo ní èwo nínú wọn, kí ó fi èkejì tẹ̀ ẹ́. Ó ní aṣọ òun funfun. Mo ní a ní àkísà. Ó ní àkókò ń lọ, ọmọ yín ń kú lọ. Mo ní nítorí náà kí ó yára tẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń kánjú kì í jiyàn. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó kó owó jáde, ó ní kí a fi ra èso.

Ibẹ̀ ni ẹkún ìyá rẹ ti dá. O mọ̀ ọ́n, bó bá ti dákẹ́ lójijì, kí ènìyàn wá ibi sá sí. Ó ní ẹni tó ti ọsibítù wá ló yẹ kó gba owó lọ́wọ́ wa, báwo ló ṣe wá di pé òun ló ń pín in? Ó ní aṣọ wo ni Fẹ̀yí wọ̀ nígbà tó ṣubú. Ọkùnrin náà ní aṣọ pupa. Ìyá rẹ wò mí, mo wo ìyá rẹ. Láti ìgbà tí àkùkọ bàbá àgbà ti lé ọ yí ilé ká nítorí gáùn pupa tí o fi lọ sí ìkórè ọmọdé, ta ló tún rí ọ nínú aṣọ pupa? Ìyá rẹ na ọwọ́ sí ọmọ odó, kì í ṣe iṣu ló fẹ́ gún.

Ni ọkùnrin náà bá fò mọ́ àpò mi. Mo yẹra, ẹsẹ̀ mi òsì kò gbọ́, mo ṣubú lórí àga, páàdì íńkì sì wà lórí itan mi, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dé orí páàdì náà gbàà! Ọmọ odó balẹ̀ lórí tábìlì, kò bà á, tábìlì ni kò sí mọ́. Ó sáré gba ẹnu ọ̀nà, ó di ògiri mú kó má baà ṣubú, ó fò jáde, ó fi bàtà kan sílẹ̀. Nígbà tí mo dìde wò ó, ìka márààrún ló wà lára ògiri funfun, ó hàn ketekete, kò sí ọmọ ẹgbẹ́ kan tó tẹ̀ ẹ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó kúkú padà tẹ̀ka. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù ún. Mo fi aṣọ bò ó kí ewúrẹ́ má lá a.

Ìyá rẹ ń pè mí ní ọ̀gágun láti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n èmi, àyà mi kò balẹ̀, nítorí bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni pé ara rẹ kò yá ńkọ́? Mo bẹ Rufus ní àárọ̀ ọjọ́ Rú pé kí ó yà sí ilé rẹ, ṣùgbọ́n kó má bá ọ sọ̀rọ̀, kó má baà dá ẹ̀rù bà ọ́, kó sáà wò ọ́ láti ojú fèrèsé. Ó padà wá ròyìn pé o jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ò ń jẹ bọ̀ọ̀lì, ò ń bá ara rẹ jà, o sì ti sanra. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí gbogbo rẹ̀, pàápàá bọ̀ọ̀lì. Bí àwọn aládùúgbò rẹ bá sọ pé àgbàlagbà kan yọjú wò ọ́ láti ojú fèrèsé, Rufus ni, kó o má pe ọlọ́pàá.

Nísinsìnyí, gbọ́ mi. Ẹni tó mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ wà níbí lè tún padà wá, nítorí náà mo ti gbé e kúrò níbi tó wà. N kò ní kọ ibi tí mo gbé e sí sínú lẹ́tà, n kì í ṣe ọmọdé. Ohun tí mo lè sọ kò ju pé kánẹ̀ẹ̀lì wà láàárín kánẹ̀ẹ̀lì, bí ìwọ fúnra rẹ ṣe wí, àpò kan ààbọ̀ ló sì bò ó.

Mo ka ìpínrọ̀ òkè yìí tán ni mo rí i pé mo ti sọ ọ́. Mo ti dìde lọ gbé e kúrò níbẹ̀. Ó gbà mí ní wákàtí kan nítorí èkùrọ́ pọ̀, ìyá rẹ sì ń bi mí ohun tí mo ń wá, mo ní òjò ń bọ̀. Ibi tó wà báyìí, èmi nìkan ló mọ̀, mo sì bẹ Ọlọ́run kí n má gbàgbé.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o má dá kọ́kọ́rọ́ Odi mú mọ́. Àpótí ẹgbẹ́ wa, àgádágodo mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Alága mú kọ́kọ́rọ́ kan, akápò mú ọ̀kan, èmi akọ̀wé mú ọ̀kan. Bí orí ẹnì kan bá yí, tàbí tí ẹnì kan bá lọ dọ̀bálẹ̀ fún un nínú kàfùtáànì funfun, kò lè dá àpótí ṣí. Wá ẹni méjì mìíràn tó ń bẹ̀rù bíi tèmi. Má wá akínkanjú, àwọn akínkanjú kì í ti ilẹ̀kùn. Kó o sì má sọ ìtàn mi fún àwọn yúsà mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn mọ́ mi. Sọ fún wọn pé bàbá rẹ ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kí wọ́n máa rò pé kò sí nǹkan níbí.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, bó ti wù kó rí mi lára tó. Tábìlì ti lọ, ògiri ń fẹ́ ọ̀dà níbi gbogbo àyàfi ibi tí ìtẹ̀ka wà, àgádágodo géètì sì ti ń dún bí ikọ́. Ohun tí o bá rí, má fi ránṣẹ́ sórí fóònù, nítorí báńkì kan ń kọ̀wé sí mi lójoojúmọ́ pé kí n fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi ránṣẹ́ kí wọ́n má baà ti àkáǹtì mi pa. Mo kọ̀wé padà pé kí wọ́n wá tẹ̀ka. Wọn kò tíì wá. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá.

Bí o bá sì dé, n kò ní kàn ṣí géètì fún ọ bẹ́ẹ̀, ìwọ náà yóò tẹ̀ka. Lọ́dún tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára ìpínlẹ̀ wa, tí a ń da sìmẹ́ǹtì sí ẹnu ìloro, ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́, o sá wá tẹ ọwọ́ òsì rẹ sínú sìmẹ́ǹtì tútù, mo jágbe mọ́ ọ, o sunkún. Bíríkìlà fẹ́ fi tìróẹ̀lì dán an, ìyá rẹ ní kó fi í sílẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí ọkùnrin yẹn ti sá lọ, tí n kò sì mọ̀ bóyá o wà láàyè, mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi tó ń dùn mí, mo kó ọwọ́ mi sínú rẹ̀. Ìka mẹ́ta péré ló gbà. Gbé ọwọ́ rẹ lé e bí o bá ti dé. Mo mọ̀ pé kò ní gbà ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ bó ṣe yẹ kó kéré sí ọ tó.

Ẹni tó dá ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá rẹ láì fi ọ̀kan jọ ti ẹlòmíràn, Òun ni yóò máa mọ̀ ọ́ láàárín ogunlọ́gọ̀, yóò sì mú ọ délé ní àlàáfíà. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní iṣu náà ṣì wà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Lawrence Ògúnníyì,
tó ti ti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fọwọ́ síwèé yìí.